Ọgbà àdúgbò wa ti fẹ́ máa padà di igbó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá_Tẹ̀tẹ̀ (Lọ́ńdọ̀nù) · ọjọ́ 8 oṣù Kẹta

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tọ́wọ́ wọn mọ ilẹ̀ dáadáa pọ̀ níbí.

Ẹ̀yìn fúláàtì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò fi ṣe nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mátírẹ́ẹ̀sì tó ti jẹrà, táyà, ìgò, ẹ̀gún tó ga ju èèyàn lọ. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn èmi àti aládùúgbò mi méjì lọ bá kánsù, a lọ a bọ̀ fún oṣù méje kí wọ́n tó ní ká máa lò ó. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èèyàn mẹ́tàlélógún ló jáde. Mo kà wọ́n. Ará Jàmáíkà wà níbẹ̀, ará Sòmálíà, ará Bangladesh, òyìnbó, àwa Yorùbá mẹ́rin. Ẹni tá a ti jọ ń wọ lífítì kan náà fọ́dún mẹ́wàá tá ò bára wa sọ̀rọ̀ rí, ọjọ́ yẹn la tó mọ orúkọ ara wa. Mo se ìrẹsì, ìyá Sòmálíà kan gbé sàńbúsà wá, a jókòó sórí bíríkì a jẹun.

Ní báyìí a ò ju mẹ́rin lọ. Òtútù ọdún àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ lé àwọn kan, wọ́n ní àwọn á padà wá tí oòrùn bá yọ, wọn ò padà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹnì kan ká eléégédé tẹ́lòmíì gbìn, ìjà dé, ìdílé méjì ò wá mọ́. Kọ́kọ́rọ́ géètì, ọwọ́ mi ló wà, nọ́ọ̀sì sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, tí mo bá ń sùn lọ́sàn-án ẹni tó bá wá á bá géètì ní títì, á padà sílé. Kánsù ti wá kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ náà lóṣù Kẹsàn-án, káwọn mọ̀ bóyá a ṣì ń lò ó.

Màmá ará Jàmáíkà kan wà ńbẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ojoojúmọ́ ló ń wá, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, á gbé àga ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì á jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "ọmọ mi, ibí nìkan lẹnì kan ti ń pe orúkọ mi látàárọ̀ dalẹ́." Láti ọjọ́ yẹn mi ò sùn dáadáa. Ẹ gbà mí o. Kí lẹ ṣe níbi tiyín táwọn èèyàn fi dúró?

Bàbá_Òkè_Ògùn (Ìsẹ́yìn) · ọjọ́ 8 oṣù Kẹta

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tẹ̀tẹ̀, ẹ kú ìnira. Mi ò dé Lọ́ńdọ̀nù rí ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀wẹ̀ lẹ pè, ẹ wá ń retí kó ṣe iṣẹ́ àáró.

Àwọn ọmọ ìsìnyí lè má mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Tẹ́nì kan bá fẹ́ mọlé tàbí tó fẹ́ bá àna ẹ̀ ṣánko, á pe ọ̀wẹ̀, èrò á rọ́ dé, á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀, wọ́n á ṣe é dalẹ́, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ni. Àáró ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, àwa mẹ́fà la jọ ń ṣàáró, ẹgbẹ́ ni gbogbo wa, oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la, títí á fi kárí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Igba ebè ni géńdé kan ń kọ lójúmọ́ nígbà náà, táwa mẹ́fà bá kó wọ oko ẹnì kan, kóòrùn tó wọ̀ gbogbo ilẹ̀ yẹn ti di ebè lọ súà, àlejò tó bá ń kọjá ò ní gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín. Ọjọ́ tó o bá dẹ̀ pa oko ẹnì kejì jẹ, o mọ̀ pé ó ń bọ̀ lórí oko tìẹ. Ohun tó ń jí wa láàárọ̀ nìyẹn. Ibà dá mi gúnlẹ̀ lọ́dún kan, àwọn márùn-ún yòókù kọ ebè mi kí n tó dìde lórí ẹní, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé, ọdún yẹn gan-an nisu mi ta jù.

Ẹ mú ẹni mẹ́rin tó kù yẹn. Ẹ má tíì wá ogún. Kí mẹ́rin yẹn fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, òjò ì báà rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ darapọ̀ á mọ ìgbà tó máa bá yín níbẹ̀.

Ọmọ_Peckham · ọjọ́ 9 oṣù Kẹta

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ àgádágodo yẹn lónìí, ẹ ra èyí tó ń lo nọ́ńbà. Ọgbà tí màmá mi ń lọ, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí náà ló fẹ́ pa á, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ rìnrìn àjò, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni tòmátò fi ń gbẹ táwọn èèyàn ń wò ó látìta bí ẹni ń wo òkú. Ní báyìí èèyàn mọ́kànlá ló mọ nọ́ńbà yẹn, wọ́n dẹ̀ ní gúrúùpù lórí WhatsApp, ẹni tó bá bomi rin á ya fọ́tò síbẹ̀ kẹ́lòmíì má tún lọ rọ omi lé e lórí.

Àkàndá_Brooklyn · ọjọ́ 9 oṣù Kẹta

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ni mo fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n Ìyá Tẹ̀tẹ̀, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan ná: ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́? Ṣé wọ́n fún yín ní líìsì àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Torí ní New York níbí, ibi tó ti dun àwọn èèyàn nìyẹn.

Láwọn ọdún 1970, ilé tó jóná àti ilé tí onílé sá fi sílẹ̀ kún Manhattan, Brooklyn àti Bronx, wọ́n wó wọn, ilẹ̀ wá ṣófo káàkiri, pàǹtírí gbà á. Lọ́dún 1973 obìnrin kan tó ń jẹ́ Liz Christy àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń pera wọn ní Green Guerillas kó wọ ilẹ̀ kan níbi tí títì Bowery ti pàdé Houston. Wọ́n ti máa ń di irúgbìn mọ́ ajílẹ̀ bí òkúta, wọ́n á jù ú kọjá wáyà sórí ilẹ̀ tí wọn ò lè wọ̀. Wọ́n kó pàǹtírí, wọ́n gbé iyẹ̀pẹ̀ wá, nígbà tó di 1974 ìjọba ìlú gbà kí wọ́n máa san dọ́là kan péré lóṣù. Ọgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, orúkọ obìnrin yẹn ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tó di 1978 ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀, GreenThumb, ọgbà tó lé ní 500 ló wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lọ́dún 1999, nígbà tí Giuliani jẹ́ olórí ìlú, ìjọba kan náà ní àwọn fẹ́ ta ọgbà 114 ní gbàǹjo. Ọgbà táwọn àgbàlagbà ti fi ogún ọdún tún ṣe, tígi ti so nínú ẹ̀, torí pé owó ilẹ̀ ti gbówó lórí ni wọ́n ṣe rántí pé àwọn ló ni ilẹ̀. Àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n lọ sí kóòtù, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọjọ́ gbàǹjo ti kù ṣín-ín kí àjọ méjì, Trust for Public Land àti New York Restoration Project tí òṣèré Bette Midler dá sílẹ̀, tó kówó jọ ra gbogbo ẹ̀. Ohun tó gba ọgbà wọ̀nyẹn là ni pé àwọn èèyàn àdúgbò ti mọra wọn délẹ̀délẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n lè pe ọgọ́rùn-ún èèyàn jáde.

Màmá yín tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yẹn, ó rán mi létí Hattie Carthan, ìyá dúdú kan ní Bed-Stuy nítòsí mi níbí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sí àdúgbò ẹ̀ torí gbogbo igi títì wọn ń kú. Wọ́n fẹ́ wó ibi tí igi magnolia àtijọ́ kan wà, ó yarí, ó kó àdúgbò jọ, títí ìjọba fi kéde igi yẹn ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1970. Ọgbà kan wà ní Bed-Stuy dòní tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ẹ má fojú ẹni tí ò lè bẹ̀rẹ̀ wo màmá yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an lẹ máa fi kó èèyàn jọ.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ kánsù kóṣù Kẹsàn-án tó dé. Mo mọ̀ pé àjọ kan wà ní Britain ńbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Social Farms & Gardens, wọ́n ń ran irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣúránsì.

Ará_Yorkshire · ọjọ́ 9 oṣù Kẹta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jà lórí eléégédé, ẹ wá wo Todmorden. Ìlú kékeré kan ni níbí, kò jìnnà sí mi, lọ́dún 2008 làwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Pam Warhurst àti Mary Clear wà lára wọn, Incredible Edible ni wọ́n pe nǹkan ọ̀hún. Wọ́n gbin àgbàdo síwájú àgọ́ ọlọ́pàá, ewé olóòórùn sí ibùdókọ̀ ojú irin, èso sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbìn fún ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kó ká. Kò sí géètì, kò sí kọ́kọ́rọ́. Èmi fúnra mi lọ síbẹ̀, mo dúró níwájú àgọ́ ọlọ́pàá mò ń já ewé, ẹ̀rù ń bà mí, ìyá arúgbó òyìnbó kan ń kọjá ó ní kí n já èyí tó wà lẹ́yìn, ó tutù ju ti iwájú lọ. A dúró sọ̀rọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sí pátákó pé ti gbogbo èèyàn ni, olè ti tán nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Croydon · ọjọ́ 10 oṣù Kẹta

Mi ò gbà o, mo bọ̀wọ̀ fún yín Ará Yorkshire ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹni tó kúnlẹ̀ tu koríko láti oṣù Kẹrin, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣa ìgbín tí ò níkarahun lóru, tó wá dé lọ́jọ́ kan tó bá ìtàkùn eléégédé ẹ̀ lófìfo, ó dùn ún wọnú eegun. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Ewé olóòórùn lẹ̀gbẹ́ títì yàtọ̀ sí ohun téèyàn tọ́ bí ọmọ.

Èmi ní allotment lọ́dọ̀ kánsù, ìyẹn ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń yá èèyàn fi gbin nǹkan, abẹ́ òfin ọdún 1908 ni wọ́n ti ń fún wa, odindi kan jẹ́ nǹkan bíi 250 mítà onígun mẹ́rin, ìdajì ni tèmi. Kálukú ló ni tiẹ̀, a dẹ̀ fẹ́ràn ara wa. Bàbá ará Ítálì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gbé tòmátò, èmi fún un ní irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ọdún tó kọjá ó pè mí kí n wá wò ó, ó ti gbìn ín ní ìlà méjì gbọọrọ, ó ń fi òróró ólífì dín in. Torí pé ó mọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ló ṣe ń rí nǹkan fún mi.

Ẹ pín ilẹ̀ yẹn, kẹ́ni kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, ìyẹn ojú ilẹ̀ kékeré tó máa gbin nǹkan sí.

Ará_Yorkshire · ọjọ́ 10 oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, ìyá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pín in tán, ibo lẹ máa fi màmá tí ò lè bẹ̀rẹ̀ yẹn sí? Bẹ́ẹ̀dì wo ni tiẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Croydon · ọjọ́ 10 oṣù Kẹta

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kó ku ọ̀kan tó ńlá láàárín, ti gbogbo wọn. Kí wọ́n fi ti kálukú yí i ká. Kí wọ́n dẹ̀ kan èyí tó ga fún màmá, tó máa dé ìgbáròkó, tó máa ṣiṣẹ́ lórí àga.

Ọmọ_Ilẹ̀ (Manchester) · ọjọ́ 11 oṣù Kẹta

Ẹ má bínú pé mò ń já lu ọ̀rọ̀, iṣẹ́ yíyẹ iyẹ̀pẹ̀ wò ni mò ń ṣe. Ìyá Tẹ̀tẹ̀, kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ mà?

Ìyá_Tẹ̀tẹ̀ · ọjọ́ 11 oṣù Kẹta

Wọ́n ní gáréèjì ni, wọ́n ti wó o tipẹ́. Ṣé nǹkan wà ńbẹ̀ ni?

Ọmọ_Ilẹ̀ · ọjọ́ 11 oṣù Kẹta

Ó ṣeé ṣe kí òjé wà ńbẹ̀ mà. Ọ̀dà ilé ayé àtijọ́ ní òjé nínú, pẹtiróòlù náà ní in, ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí títa a fún gbogbo ọkọ̀ ní Britain, òjé ò dẹ̀ kì í jẹrà, ibi tó bá balẹ̀ sí ló máa wà. Ó burú fọ́mọdé ju àgbà lọ torí ọpọlọ wọn ló ń bà jẹ́, ọmọdé dẹ̀ ń fọwọ́ tó kan ilẹ̀ sẹ́nu. Iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ewé àti mọ́ ara kárọ́ọ̀tì ló ń kó o wọnú ju inú èso fúnra ẹ̀ lọ, tòmátò àti eléégédé kì í fi bẹ́ẹ̀ fà á.

Kò ní kẹ́ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ láti ojú ibi bíi márùn-ún, ẹ pò ó pọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù, kò wọ́n. Kí èsì tó dé ẹ má gbin ẹ̀fọ́ tààrà sílẹ̀. Ẹ kan pákó, kó ga tó bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, ẹ tẹ́ aṣọ tó ń jò omi sísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tuntun àti ajílẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀dì gíga tí Ìyá Ìbejì sọ fún màmá yẹn, irú ẹ̀ gan-an ló tọ́ fún gbogbo yín. Kẹ́ẹ sì máa fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kẹ́ẹ máa fọwọ́ kẹ́ẹ tó jẹun.

Bàbá_Òkè_Ògùn · ọjọ́ 11 oṣù Kẹta

Ọmọ mi, o ṣeun. Àwa ò ní irú èyí nínú tiwa, ilẹ̀ tó bá ti pupa tó dẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ la máa ń gbà. Inú mi dùn pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Àǹtí_Jericho (Ìbàdàn) · ọjọ́ 14 oṣù Kẹta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Àwa náà ní tiwa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ògiri ẹ̀ ti wó. Àwọn obìnrin mọ́sálááṣí àtàwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò yẹn, ìkíni ojú títì ni gbogbo ohun tó wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tíṣà kan ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú irúgbìn wá látilé, ẹni mú irúgbìn ilá, ẹni mú ṣọkọ, ẹni mú ata tí ìyá ẹ̀ sá sórí páànù. Àwọn ọmọ wá ń lọ sílé wọ́n ń sọ pé "ilá mi ti yọ méjì", àwọn ìyá fúnra wọn wá yọjú wá wo ilá tí wọ́n ní ó yọ. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ tu koríko, wọ́n ti ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń gbin ṣọkọ nílé ìyá wọn. Nígbà Iléyá wọ́n pín ẹran kárí àwọn tọgbà, nígbà Kérésì ìrẹsì dé ilé Àlàájà kí tẹnu ẹni tó sè é tó kan. Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé kankan lórí ẹ̀.

Nítorí náà, Ìyá Tẹ̀tẹ̀, ẹ wá àwọn ọmọdé.

Ṣé tẹ̀tẹ̀ ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín, ewédú ńkọ́? Ṣé ó ń hù?

Ìyá_Tẹ̀tẹ̀ · ọjọ́ 15 oṣù Kẹta

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni, mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ sórí pépà, mo kà á fún màmá, mo ń túmọ̀ ẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi ìyá Brooklyn tó lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n tún un kà.

Tẹ̀tẹ̀, kò sí wàhálà mà, ohun tí wọ́n ń pè ní callaloo gan-an ni, ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ mi ló pariwo, ó ní ẹ̀fọ́ ìyá òun nìyẹn. Inú páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé la máa ń gbìn ín sí lóṣù Kẹrin, irúgbìn ẹ̀ kéré bí ẹ̀tù, a máa ń pò ó mọ́ yanrìn ká tó wọ́n ọn kó má baà dì síbì kan, lẹ́yìn àárín oṣù Karùn-ún nígbà tí yìnyín ò ní bọ́ sórí ewé mọ́ la tó ń gbé e jáde. Ewédú ló ń dójú tì mí. Ọdún méjì ni mo fi gbìn ín tí kò yọ ju ẹyọ kan àbí méjì lọ.

Àǹtí_Jericho · ọjọ́ 15 oṣù Kẹta

Háà! Ṣé ẹ̀ ń fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ ni àbí bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń gbìn ín? Èèpo irúgbìn ewédú le, omi ò lè wọ inú ẹ̀, ó lè wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láìhù. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà níbí láti ọdún 1975, irú nǹkan tí wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ nìyẹn, àwọn ìyá wa náà dẹ̀ ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹ di irúgbìn sínú aṣọ tínrín, ẹ sọ omi kalẹ̀ lórí iná bó bá ti hó, ẹ ki aṣọ yẹn bọ inú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ bù omi tútù lé e. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Ìgbà yẹn lẹ tó gbìn ín.

Ọmọ_Peckham · ọjọ́ 15 oṣù Kẹta

Mi ò mọ èyí rí láyé mi. Màmá mi náà ń ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń patẹ́wọ́.

Ìyá_Tẹ̀tẹ̀ · ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin

Ẹ kú ìrọ́jú o, mo ní kí n wá fún yín lábọ̀.

A yọ àgádágodo. Àwa mẹ́rin mú Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí a ò pa ẹyọ kan jẹ. Sátidé kejì, òjò ń da gidi, èmi àti ọkùnrin ará Bangladesh kan nìkan la wà lábẹ́ tàpólíìnì tá à ń mu tíì, ó ń sọ fún mi nípa àwọn obìnrin tiwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wọn ní Spitalfields City Farm, Coriander Club ni wọ́n ń pe ara wọn, ó ní ìyàwó òun fẹ́ wá ṣùgbọ́n ojú ń tì í torí kò gbọ́ òyìnbó. Mo ní kó máa bọ̀, èmi náà ò gbọ́ èdè tiẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e ó dé pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn àti irúgbìn akèrègbè nínú àpò ìwé.

Èsì láàbù dé. Òjé wà ńbẹ̀, ó ju bó ṣe yẹ lọ ní igun kan. Ọmọ Ilẹ̀, Ọlọ́run á bù kún ẹ, igun yẹn gan-an làwọn ọmọ ti ń ṣeré. A ti bò ó, a tẹ́ èèpo igi lé e lórí. Pákó bẹ́ẹ̀dì mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀, mẹ́jọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ńlá láàárín, tigbogbo wa, a kọ ọ́ sí pátákó ní èdè márùn-ún. Ìyá Ìbejì àti Ará Yorkshire, ẹ̀yin méjèèjì lẹ borí.

Ìdílé méjì tó bínú lọ lórí eléégédé, màmá ló ní kí wọ́n gbé òun lọ bá wọn. Ó gun lífítì lọ sí àjà kẹfà pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ. Àwọn méjèèjì wà ńbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀dì wọn ò sún mọ́ra ṣá.

Ọ̀rọ̀ ìwé, kánsù ní àwọn á fún wa ní líìsì ọdún márùn-ún tá a bá ní ìṣúránsì àti àkáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́. À ń ṣe é lọ́wọ́.

Àkàndá_Brooklyn · ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin

Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ẹ tó yọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ òfin kà á. Ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ibi àjà kẹfà.

Bàbá_Òkè_Ògùn · ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin

Ẹ bá mi kí màmá yẹn. Ẹ ní bàbá kan ní Ìsẹ́yìn ló ní kẹ́ẹ kí i, ẹ pe orúkọ ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta fún mi.

Ìyá_Tẹ̀tẹ̀ · ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà

A gé tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ lónìí. A ò fà á tu, a gé e láti òkè kó lè yọ ẹ̀ka. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wá. Màmá ló gé ti inú bẹ́ẹ̀dì gíga ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ òsì gbá igi ẹ̀ mú, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n títí ọ̀bẹ fi kan an, bó ṣe kan an ọwọ́ yẹn dúró ṣinṣin, kò gbọ̀n mọ́. Ó fi ẹja oníyọ̀ se tiẹ̀, èmi fi irú àti ata ro tèmi, a gbé méjèèjì sórí tábìlì kan. Bàbá, mo ti pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi mí léèrè orúkọ tiyín, mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ fún mi kí n bá yín jíṣẹ́.

Àǹtí Jericho, ewédú yọ o! Ṣùgbọ́n nínú páànù méjì, ọ̀kan kún dẹ́múdẹ́mú, èkejì ò hù rárá. Omi kan náà ni mo lò, ṣùgbọ́n èkejì, mo fi aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ sínú omi nígbà tí mo lọ dá fóònù lóhùn.

Àǹtí_Jericho · ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà

Ẹ ti bọ èkejì jinná nìyẹn mà. Ẹ má gbé e kalẹ̀ lọ síbì kankan. Ẹ ki aṣọ yẹn bọ inú omi, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ yọ ọ́. Ẹ tún òmíràn gbìn lọ́la, oòrùn ṣì wà fún yín.